Ilé Tí A Bá Ènìyàn Kọ́
Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, tí a tẹ̀ síhìn-ín nítorí àwọn tí kò rí àyè wá

   

Ẹ ó rántí ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ òní wá. Ní ìpàdé tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa dìde, ó ní òun ní ẹjọ́ láti rò. Ó ní ọmọ òun tí ó wà ní Amẹ́ríkà bá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé òun ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, òun fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ kan lọ sí ìgbèríko ní orílẹ̀-èdè mìíràn láti bá àwọn tálákà kọ́ ilé. Bàbá bi í pé, "Èló ni wọn yóò san fún ọ?" Ọmọ dáhùn pé wọn kò ní san kọ́bọ̀, pé òun gan-an ni yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó oúnjẹ. Bàbá ní, "Ilé wa tí ó ń jò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́?" Gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò tíì tán nígbà tí a ka lẹ́tà kejì. Baálẹ̀ abúlé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra ẹ̀wà àti àgbàdo ni ó kọ ọ́. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò ti ká òrùlé lọ níbẹ̀, ògiri amọ̀ sì ti wó lé ẹrù àwọn ènìyàn lórí. Ó ń bẹ ẹgbẹ́ Yorùbá kí ó wo ojú Ọlọ́run. Àwọn kan nínú wa ní kí a dá owó, kí a fi ránṣẹ́, kí ó parí síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní rárá, kí a jẹ́ kí àwọn lọ fi ọwọ́ ara àwọn kọ́ ọ. Àwọn ẹlòmíràn sì ní, "Kí ni ó kàn wá?" Ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Alága fi lu tábìlì, tí ó sì pàṣẹ pé kí akọ̀wé lọ wádìí ọ̀ràn kíkọ́ ilé fún ará ibòmíràn yìí, kí ó sì wá jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́.

Àwa kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni a kà, ìwé ọjà ni a sì ń kọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n a ti béèrè, a ti kà, a sì ti fi ohun tí a rí wé ohun tí ojú tiwa rí. Òun ni a mú wá.

Ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní gúúsù Amẹ́ríkà, oko kan wà nítòsí ìlú kékeré tí ń jẹ́ Americus. Koinonia ni orúkọ oko náà. Ọ̀gbẹ́ni Clarence Jordan, àgbẹ̀ àti oníwàásù, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1942. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ará apá ibẹ̀ kò fẹ́ kí òyìnbó àti ènìyàn dúdú jókòó nídìí tábìlì kan. Ṣùgbọ́n ní oko yìí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń jẹun. Nítorí èyí, àwọn oníṣòwò ìlú kọ̀ láti rà lọ́wọ́ wọn tàbí láti tà fún wọn, àwọn kan tilẹ̀ ń yìnbọn sí ilé wọn lóru. Àwa ọlọ́jà mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí gbogbo ọjà pa ẹnu pọ̀ láti má ṣe ná ọjà ènìyàn. Wọn kò sá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi èso igi tí wọ́n ń pè ní pecan ránṣẹ́ nípa ilé ìfìwéránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ọ̀nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jẹun.

Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni Ọ̀gbẹ́ni Millard Fuller wá bá wọn ní ọdún 1965. Lọ́yà àti oníṣòwò ni, ọmọ Alabama, ó sì ti di olówó ńlá kí ó tó pé ọmọ 30 ọdún. Ṣùgbọ́n bí owó ti ń wọlé ni ayọ̀ ń jáde. Linda, ìyàwó rẹ̀, fi í sílẹ̀ lọ sí New York. Ó tẹ̀lé e, wọ́n sunkún, wọ́n parí ìjà, wọ́n sì pinnu pé àwọn yóò ta ohun ìní àwọn, àwọn yóò sì fi owó rẹ̀ ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Ní ọdún 1968, wọ́n padà wá sí oko Koinonia láti máa gbé.

Nítòsí oko yìí, àwọn ènìyàn dúdú tí ń ṣe oko ìpín fún onílẹ̀ ń gbé inú ahéré pákó tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Jordan àti Fuller gbìmọ̀ pé kí a dá àpótí owó kan sílẹ̀. Wọn yóò fi owó inú rẹ̀ kọ́ ilé kan, wọn yóò tà á fún ìdílé kan ní iye tí ó ná wọn gan-an, láìjẹ èrè, láìgba èlé. Ìdílé náà yóò máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó tí wọ́n bá san yóò padà sínú àpótí, òun ni a ó sì fi kọ́ ilé fún ẹlòmíràn. Ẹ ò rí i pé ó fara jọ àjọ tí à ń dá? Jordan kú ní oṣù October 1969, kí ilé àkọ́kọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n ilé náà parí.

Ní ọdún 1973, Fuller kó aya àti ọmọ lọ sí Mbandaka, létí odò Kóńgò, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀. Ilẹ̀ kan wà láàárín ìlú náà tí àwọn òyìnbó Belgium ti fi sílẹ̀ lófìfo láti ya àdúgbò tiwọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn ènìyàn dúdú. Àwa tí a dàgbà ní Sabon Gari kò ní ṣe kàyéfì, nítorí nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Àríwá níhìn-ín, òfin wọn ni pé kí 440 yáàdì ilẹ̀ aláìnílé wà láàárín àdúgbò òyìnbó àti ti ọmọ ilẹ̀. Bokotola ni wọ́n ń pe ilẹ̀ ti Mbandaka, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí kò ka ẹlòmíràn sí. Orí ilẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n kọ́ ilé tí ó lé ní 100 sí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Losanganya, èyí tí í ṣe ìrẹ́pọ̀.

Nígbà tí Fuller padà sí Americus ní ọdún 1976, ó dá ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Habitat for Humanity sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ti tàn ká ayé. Ètò rẹ̀ ṣe kedere. A kì í fún ìdílé ní ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdílé yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ gbé pákó, yóò pọn omi, yóò kan ìṣó, níbi ilé tirẹ̀ àti níbi ilé ẹlòmíràn, yóò sì máa san owó ilé díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá fi ara wọn jìn láti òkè òkun ń wá ní ọ̀wọ́ kéékèèké, wọ́n ń lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n ń san owó ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ń fi owó díẹ̀ sí i fún iṣẹ́ náà. Irú èyí ni ọmọ bàbá wa fẹ́ lọ ṣe. Nítorí náà, ọmọ náà kò ya wèrè.

Ẹni tí ó jẹ́ kí ayé mọ iṣẹ́ yìí ni Jimmy Carter, tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà láti ọdún 1977 sí 1981. Plains ni ìlú rẹ̀, kò sì jìnnà sí Americus. Ní oṣù September 1984, òun àti Rosalynn ìyàwó rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn láti Georgia lọ sí New York, wọ́n sùn sí ilé ìjọ, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn tún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àlàpà kan ṣe fún ìdílé 19. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Wọ́n ṣe é ní Philippines ní ọdún 1999, wọ́n sì ṣe é ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2002. Ní oṣù October 2019, nígbà tí Carter ti di ẹni ọdún 95, ó ṣubú nílé, wọ́n rán ojú rẹ̀ ní ìrán 14. Ní ọjọ́ kejì, ó wà ní Nashville pẹ̀lú báńdéèjì lójú níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé. Rosalynn kú ní ọdún 2023, òun náà sì kú ní oṣù December 2024, lẹ́ni 100 ọdún. Àwa tí a bá di alága ọjà lónìí, tí a kì í fẹ́ gbé àpò fúnra wa mọ́ lọ́la, ẹ jẹ́ kí a ronú lórí ọkùnrin yìí.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó bá sọ ẹ̀gbẹ́ kan, tí kò sọ ẹ̀gbẹ́ kejì, kò jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ẹ gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní ìparí oṣù October 1998, ìjì ńlá tí wọ́n sọ ní Mitch jà ní ilẹ̀ Honduras, ó sì ba ilé àwọn tálákà jẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni àwọn ará Amẹ́ríkà wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ síbẹ̀ láti kọ́ ilé. Lẹ́yìn náà, olùkọ́ yunifásítì kan, Kurt Ver Beek, lọ bá àwọn tí wọ́n kọ́ ilé fún, ó sì bi wọ́n léèrè. Ó rí i pé bí a bá ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn, ilé tí ọ̀wọ́ àlejò kọ́ ń ná wọn tó 30,000 dọ́là, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń kọ́ ilé ní nǹkan bí 2,000 dọ́là. Ayé àwọn ìdílé inú oríṣi ilé méjèèjì kò sì yàtọ̀ síra. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ṣírò rẹ̀. Owó ilé kan yóò kọ́ ilé 15. Nítorí náà, bàbá tí ó béèrè ilé tí ń jò kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Nǹkan mìíràn sì wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Kí a má lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ara wa, kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni, nítorí àwa akọ̀wé wà níbẹ̀, a sì jẹ̀bi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀ka wa kọ́ ilé fún opó kan ní abúlé kan. Àánú ṣe wá, a sì yára. Ní ọjọ́ Àìkú mẹ́rin, a gbé bíríkì sìmẹ́ńtì dúró, yàrá méjì, páànù tuntun tí ń dán, ilẹ̀kùn tí ó kọjú sí títì gbangba gẹ́gẹ́ bí ilé wa ní Sabon Gari. Obìnrin náà dúpẹ́, ó pa adìẹ fún wa. A ya fọ́tò, a sì lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí a lọ ra ẹ̀wà, a yà láti kí i. Ewúrẹ́ ni a bá ní yàrá kìn-ín-ní, ọkà bàbà ni a bá ní yàrá kejì. Inú ahéré rẹ̀ àtijọ́ ni ìyá náà ń sùn. A bínú. A ní, "Ìyá, ṣé ilé wa kò dára ni?" Ó ní, "Ilé yín dára, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ń kọjá lójú títì ni ó ń rí mi bí mo bá ti jí. Páànù yín sì ń gbóná lọ́sàn-án bí ààrò." Ẹ̀yin náà mọ ilé Hausa. Zaure ni a ń kọ́kọ́ wọ̀, níbi tí àlejò ń dúró sí, kí a tó dé àgbàlá tí àwọn obìnrin wà. Ọdún mélòó ni a ti ń jókòó sínú zaure wọn láti ná ọjà? Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ kọ́ ilé, a gbàgbé ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́.

Àgbà bíríkìlà abúlé náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Ògiri amọ̀ tí òun àti bàbá rẹ̀ mọ ṣì dúró káàkiri ibẹ̀. Kò bá wa jà. Ó kàn ní, "Ẹ ì bá ti bi mí." Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, ṣùgbọ́n títí di òní, kò tíì kúrò ní etí wa.

Ohun tí ó mú ìtìjú náà pọ̀ ni pé a kì í ṣe ẹni tí kò mọ bí a ti ń bá ènìyàn kọ́ ilé. Àwọn bàbá wa ń ṣe ọ̀wẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ mọ ilé, yóò kéde, ọ̀rẹ́ yóò wá, àna yóò wá, ẹgbẹ́ yóò wá. Wọn yóò gbẹ́ amọ̀, wọn yóò fi ẹsẹ̀ pò ó, àwọn obìnrin yóò pọn omi, wọn yóò mọ ìpele kan, wọn yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí wọ́n tó mọ èkejì. Onílé yóò pèsè oúnjẹ. Ní ọjọ́ tí ọ̀wẹ̀ bá kan ẹlòmíràn, òun náà yóò gbé ọkọ́ lọ. Àwọn Hausa ní tiwọn pẹ̀lú, gayya ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, a kò rí ẹni tí ó wá ṣe ọ̀wẹ̀ tí yóò sọ ibi tí onílé yóò kọ ojú ilẹ̀kùn sí fún un. Apá ni ó mú wá, kì í ṣe àṣẹ.

Ibẹ̀ ni gbogbo ìwádìí wa parí sí. Àwọn ará Mbandaka bá Fuller po sìmẹ́ńtì, wọ́n bá a san owó, àwọn ni wọ́n sì ni ilé. Àwa kọ́ ti opó yìí fún un, kò sì di ilé rẹ̀. Ilé tí a kọ́ fún ènìyàn lè di ilé ewúrẹ́. Ilé tí a bá ènìyàn kọ́ ni yóò gbé.

Nísinsìnyí, lẹ́tà baálẹ̀ wà lórí tábìlì. Àbá wa nìyí, ẹgbẹ́ ni yóò sì pinnu.

Èkíní, kí àgbà ọkùnrin méjì àti ìyá ọjà méjì lọ jókòó pẹ̀lú wọn kí a tó ra ìṣó kan. Kí àwọn ìyá bá àwọn obìnrin inú àgbàlá sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń gbé inú ilé.

Èkejì, kí bíríkìlà abúlé jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́, kí ẹgbẹ́ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò bójú mu kí a torí àánú gba oúnjẹ ẹnu oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa yóò ru yẹ̀ẹ̀pẹ̀, wọn yóò pọn omi, wọn yóò sì ṣe ohun tí ó bá ní kí wọ́n ṣe. Bí ó bá ní amọ̀ ni, amọ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, kí gbogbo ìdílé tí a bá fẹ́ tún ilé rẹ̀ ṣe fi ọwọ́ ti iṣẹ́ náà, ní ilé tirẹ̀ àti ní ti aládùúgbò rẹ̀. Opó, arúgbó àti aláìsàn kò sí nínú òfin yìí.

Ẹ̀kẹrin, kí owó páànù àti pákó jẹ́ àwìn láìsí èlé, tí wọn yóò san díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Àwa Mùsùlùmí àti àwa Kristẹni inú ẹgbẹ́ yìí kò ní jiyàn lórí ọ̀rọ̀ èlé. Owó tí wọ́n bá san kò ní padà sọ́dọ̀ wa. Yóò wà nínú àpótí ní abúlé, kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ wa, kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ wọn, de ìjì ọdún mìíràn.

Ẹni tí ó béèrè pé, "Kí ni ó kàn wá?" yẹ ní ìdáhùn. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti kọ́ ilé, tí wọ́n ti ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n ru ẹrù sórí. Àwọn kan nínú wa níhìn-ín jẹ́ ọmọ wọn. A mọ bí ó ti rí kí ilẹ̀ ṣú, kí ènìyàn má ní òrùlé. Àti pé, ẹ̀wà tí à ń tà, tí a fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ, ilẹ̀ abúlé yẹn ni ó ti hù. Ẹni tí à ń jẹ lára oko rẹ̀ kì í ṣe àjèjì.

Ní ti ọmọ bàbá wa, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n kí bàbá sọ fún un kí ó béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó san owó ọkọ̀: Ta ni ó pè wá? Ta ni ọ̀gá iṣẹ́ níbẹ̀? Bí a bá lọ tán, ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́? Bí ìdáhùn bá dára, kí ó lọ, kí ó sì gbọ́ràn sí bíríkìlà ibẹ̀ lẹ́nu. Bí kò bá dára, kí ó fi owó náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ń kọ́ ilé níbẹ̀. Lọ́nàkọnà, kí ó má gbàgbé ti Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí òjò kò mọ ẹni tí ó lọ sí àjò.

Ìwé wà lọ́wọ́ igbákejì akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọjọ́ Àìkú mẹ́ta sílẹ̀ kí ó kọ orúkọ rẹ̀. Àwa ti kọ tiwa, nítorí a jẹ àgbà bíríkìlà yẹn ní ìbéèrè kan.